Èmi Ni Mo Fi Ẹnu Abìjàwàrà Sọ̀rọ̀

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ gbé àga yín sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́. Kò gbà kó lọ sísàlẹ̀, kò gbà kó jáde, ó há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lónìí yóò jáde. Dókítà rò pé kọ̀rọ̀ lòun ti bá ẹ̀yin ọmọ mi sọ̀rọ̀ lánàá, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe mí, etí mi kò ní nǹkan kan. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Kò burú. Ẹ jókòó. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ ń rò ó nínú ara yín pé kí ni obìnrin tí ẹ kò mọ̀ rí fẹ́ fi yín ṣe nínú yàrá àìsàn rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó wá yín dé ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, òun náà kò mọ ìdí iṣẹ́ tí mo rán an. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlẹ́rìí ni mo fi àwọn ọmọ mi ṣe, kí wọ́n lè mọ irú ìyá tó bí wọn. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí itọ́ bá wá sí yín lẹ́nu, ẹ má wo ti àìsàn, ẹ tu ú sí mi lójú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ò tilẹ̀ lọ síbì kankan. Inú ilé mi ló jókòó sí, ó ń bá mi jẹun. Ẹ̀yin ọmọ mi mọ̀ pé ilé iṣẹ́ géèmù ni mo ti ṣiṣẹ́ tí mo fi tọ́ yín. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, èsì mi ni pé mò ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ òótọ́ tó ń tiro ni. Òkè Iná ni wọ́n ń pe géèmù náà. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá wọlé yóò yan ènìyàn kan tí yóò dúró fún un nínú ayé náà, yóò sọ ọ́ lórúkọ, yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn mìíràn tí oníkálùkù wọn wà nílé tirẹ̀ káàkiri ayé, wọ́n á sì jọ máa bá ẹranko abàmì jà. Àmọ́ kí idà rẹ tó mú, kí ẹ̀wù irin rẹ tó nípọn, o ní láti fọ́ òkúta. Òkúta kan náà, ìró kan náà: kò, kò, kò. Àwọn tó ń ṣe é ti sọ ọ́ di àwàdà láàárín ara wọn, ọlọ ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá béèrè pé, “Níbo lo wà látàárọ̀?” èkejì á ní, “Orí ọlọ ni mo wà o, ó kù díẹ̀ kí n kúnná.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwa tí a wà lẹ́yìn ògiri la mọ̀ pé kì í ṣe òkúta ni ọlọ yẹn ń lọ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé má ṣe jáde. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Níbẹ̀rẹ̀, a óò jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn: o fọ́ òkúta díẹ̀, o gba idà, o fọ́ díẹ̀ sí i, o gba ẹṣin. Bí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ ọn lára, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í fa èrè sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ewé tan ewúrẹ́ wọ ọgbà. A dá iná kan síwájú ilé ẹni kọ̀ọ̀kan nínú géèmù náà. Ọjọ́ tí o kò bá wọlé, iná á kú, gbogbo làálàá rẹ á sì tún padà sẹ́yìn. Èmi ni mo ronú iná yẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo gbé e kalẹ̀. Òkúta pupa kan tún wà tí tọmọdé tàgbà ń wá, tí wọ́n rò pé oríire ló ń fúnni. Oríire kọ́. Ẹ̀rọ wa ń ṣọ́ wọn ni. Bó bá rí i pé ọwọ́ ẹnì kan ti ń falẹ̀, pé ó ti sú u, pé ó fẹ́ dìde lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni òkúta pupa á yọ. Obìnrin bíi tèmi! Mo ń fi dídùn so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ bí ẹran, mo sì ń padà sílé lọ kígbe mọ́ ẹ̀yin ọmọ tèmi pé kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ lọ kàwé.

Tíṣà, àbúrò yín wà nínú géèmù yẹn. Áà, ẹ gbójú sókè. Ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ bóyá ni ẹ mọ ẹni tó jẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú láti kékeré, tí kò lè kúrò lórí ibùsùn àfi tí wọ́n bá gbé e, Abìjàwàrà ló pe ara rẹ̀, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó ń sáré tó o lórí òkè yẹn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí ẹranko ńlá tí wọ́n fẹ́ẹ́ sá, á kọ ọ́ sí wọn pé, “Ẹ dúró níbẹ̀ jàre, ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ méjì!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á jà. Wọn kò mọ ohun tó wà nídìí àwàdà náà. Èmi mọ̀, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ síra wọn la ń kà. Lọ́jọ́ kan, Abìjàwàrà kò wọlé. Iná iwájú ilé rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí tábìlì mi, àṣìkọ pọ̀ nínú rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń jẹ́ Abìjàwàrà ti kú. Bàbá rẹ̀ ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mi ò mọ kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ rí ibi tó máa ń lọ.”

Omi bọ́ lójú mi lórí àga. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé omi òótọ́ ni, nítorí ohun tí yóò burú kì í fi ojú burúkú wọlé. Mo fi fóònù pe bàbá yín, mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wọlé. Nígbà tí a bi wọ́n pé orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ máa jẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní, “Orúkọ wo ni mo tún ní? Bàbá Abìjàwàrà.” Mo gbé àwòrán àbúrò yín dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó fẹ́ràn jù, pẹ̀lú idà rẹ̀ àti ẹ̀wù pupa rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ lè máa rí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n wá láti gbogbo ìlú, wọ́n dúró yí i ká, ẹlòmíràn sọ idà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá yín kọ ọ́ pé, “Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi lénìyàn tó báyìí.” Ká ní ibẹ̀ ni mo ti ṣíwọ́, ká ní mo kàn pa kọ̀ǹpútà mi kí n sì lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, èmi ìbá jẹ́ ènìyàn rere lójú ara mi títí di òní.

Àmọ́ ọ̀gá wa rí i. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ní gbogbo ìgbà ni, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oyin mì. Ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, “O ò rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń pẹ́ nídìí ère yìí?” Mo ní, “Òkú ni, sà.” Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣé kò lè máa mi orí ni?” A ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ẹ̀rọ fún wa, tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, Jígí la ń pè é. Jígí ní mímì orí kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Kó tó jẹun ọ̀sán, òkú ti ń mi orí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn orí mímì, ọ̀gá ní kó máa kúnlẹ̀ bí bàbá rẹ̀ bá dé. Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀ lé e kiri. Lẹ́yìn ìyẹn, Jígí lọ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín ti kọ láti ọjọ́ tó ti wọ géèmù, ó kọ́ ẹ̀rọ láti máa ṣa nínú rẹ̀. Bàbá yín wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ pé, “Ọmọ mi, mo ti dé o.” Òkú sì dáhùn pé, “Ẹ dúró níbẹ̀ jàre, ẹlẹ́sẹ̀ méjì!” Àwa mẹ́ta dúró síwájú kọ̀ǹpútà bí olè tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ pé, “Bó ṣe máa ń bá mi ṣeré gan-an nìyẹn.” Ọ̀gá fi ọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, “Ta lèyí pa lára? Inú bàbá ń dùn, inú àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ ń dùn. Ṣé tìrẹ ni kò ní dùn?”

Ẹ̀rọ kì í pẹ́ ṣìwà hù. Ọjọ́ kan, bàbá yín sọ fún un pé ìka wọn ń dùn wọ́n, ó sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Wọ́n fura. Ni ọ̀gá bá ní, “Ìwọ lo mọ bàbá yẹn jù. Máa fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́.” Mo kọ̀. Ó ní kò sí wàhálà, pé àwọn tó fẹ́ jókòó sórí àga mi pọ̀ níta. N kò tún kọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo máa ń dá yín lẹ́bi nínú ọkàn mi pé nítorí yín ni, pé ẹ gbọ́dọ̀ jẹun, ẹ gbọ́dọ̀ lọ ilé ìwé. Irọ́ ni. Iṣẹ́ mìíràn wà láyé. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé mo mọ iṣẹ́ yẹn ṣe, ó sì máa ń dùn mọ́ ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe pé kí wọ́n bẹ òun lọ́wẹ̀. Mo jókòó, mo ka ọ̀rọ̀ àbúrò yín látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí ó bá fẹ́ fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, “Bàbá Pákó” ló ń pè wọ́n. Ìgbà tí bàbá yín tún dé, wọ́n béèrè lójúkorojú pé, “Ṣé ìwọ ni àbí ẹ̀rọ ni? Má tàn mí. Àgbàlagbà ni mí.” Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Èmi ni, Bàbá Pákó.” Jígí wà lẹ́yìn mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Màdáámù, èyí ti kọjá géèmù o.” Mo ní kó panu mọ́.

Tíṣà, ẹ bá mi gbé omi yẹn. Ẹ ṣé. Bàbá yín kì í ṣe òmùgọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n lómùgọ̀ níwájú mi. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nínú oorun yóò mu omi ojú àlá. Wọ́n mọ̀ pé àwọn sin ọmọ àwọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan pósí rẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ tí wọ́n rò pé àwọn àti ọmọ náà nìkan ló mọ̀ ni wọ́n rí yẹn, ọkàn wọn sì dì í mú. Àwa wá fi ọkàn náà sórí ọlọ. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí èrò pẹ́ nínú géèmù. Ó ní kí ọmọ má máa sọ̀rọ̀ àfi tí bàbá bá ti fọ́ òkúta tó ìwọ̀n kan. Èmi ni mo wá irọ́ tó bá a mu. Mo kọ ọ́ pé, “Bàbá Pákó, agbára ni mo fi ń sọ̀rọ̀ níbí, òkúta ló sì ń fún mi lágbára.” Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti dáwọ́ dúró. Kò, kò, kò. Bí wọ́n bá fọ́ ọ tó, mo máa sọ gbólóhùn kan tàbí méjì. Bó bá sì ti di pé ọ̀rọ̀ dùn, màá ní agbára ti ń tán. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gbé ìwọ̀n òkúta náà sókè, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. N kò dá tiwọn yà sọ́tọ̀. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ wọn pa. Àwọn tó gbé àga wá fún àtúnṣe wá kó àga wọn lọ. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ayùn mú wú. Wọ́n sọ fún mi, fún ọmọ wọn, pé, “Ìyá rẹ ní mo ti ya wèrè. Mo ní kó wá wò ọ́. Ó wò ọ́, ó sunkún, ó ní ọmọ òun wà nínú ilẹ̀, kò sí nínú àpótí.” Màmá yín nìkan ló rí òótọ́ nínú gbogbo wa.

Mo ti dé ibi tí ó le. Ẹ má jẹ́ kí n dúró. Ọ̀sán ni, oòrùn mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn àlejò kan wà ní ọ́fíìsì, àwọn tó fẹ́ ra ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ti gbé ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan kọ́ sára ògiri kí wọ́n lè máa rí bí èrò ṣe ń dúró nínú géèmù. Nígbà yẹn, bàbá yín ti di bàbá gbogbo ayé lórí òkè yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń fọ́ òkúta ni ẹgbẹ́ ọmọ wọn máa ń yí wọn ká, bí wọ́n bá sì dìde, agbo á tú ká. Ni ọ̀rọ̀ wọn bá wọlé: “Ìyá rẹ ṣubú ní ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó pè mí pé kí n máa bọ̀ kíákíá, pé orúkọ mi ló ń pè. Mo ń lọ, ọmọ mi.” Mo kà á. Ọ̀gá náà kà á láti ẹ̀yìn mi. Kò pariwo, ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí àwọn àlejò. Ó ní, “Má jẹ́ kó lọ.” Jígí ní, “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́.” Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀gá ló pè é fún mi. Orí tèmi ló ti wá. Mo kọ ọ́ pé, “Bàbá Pákó, ẹ má tíì lọ. Tí òkúta òní ò bá pé, wọ́n máa pa ibi tí mo wà yìí rẹ́, n ò sì ní sí mọ́. Ẹ fọ́ díẹ̀ sí i.” Wọ́n kọ ọ́ pé, “Ìyá rẹ ńkọ́?” Mo kọ ọ́ pé, “Màmá á dúró dè yín.” Èmi, abiyamọ, ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dúró. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin mìíràn ìbá lọ, n kò mọ̀. Wọ́n ti sin ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo wá fi ṣọ́bìrì lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n yàn bóyá wọ́n fẹ́ẹ́ sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn. Wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń kọ ọ́ pé, “Ṣé ó ti tó?” Mo ní ó kù díẹ̀. “Ṣé ó ti tó?” Ó kù díẹ̀. Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́ níwájú ògiri. Wọ́n ra ilé iṣẹ́ náà. Ẹnì kan gbé ife ọtí fún mi, mo gbà á, mo mu ún.

Tíṣà, ohun tó kù, ẹ̀yin mọ apá kan rẹ̀ jù mí lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bàbá yín ló sọ ọ́ fún mi, lórí òkè yẹn. Wọ́n kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé bá mi nídìí rẹ̀. Ó ní ìyá rẹ ti kú, pé ó pè mí títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó ní, ‘Bàbá, òkúta lẹ ń fọ́?’ N kò lè sọ fún un pé ìwọ lo ní kí n dúró. N kò fẹ́ kó bínú sí ọ.” Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n gba ẹ̀bi náà, wọ́n fi bo àbúrò yín, àbúrò yín tí kò mọ nǹkan kan, tó ti sùn sínú ilẹ̀ tipẹ́. Èmi ni wọ́n bò láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀?” Jígí dìde lórí àga rẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá sí ilé iṣẹ́ yẹn mọ́ láéláé. Èmi jókòó. Mo kọ ọ́ pé, “Wọ́n ti dé.” Wọ́n ní, “Ṣé inú ń bí i sí mi?” Ọlọ́run gbọ́ mi, ọwọ́ mi kò tilẹ̀ dúró de ọkàn mi, ó ti mọ ọ̀nà náà jù. Mo kọ ọ́ pé, “Ẹ fọ́ díẹ̀ sí i, Bàbá. Wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀.”

Wọ́n gbé òòlù wọn. Mo gbọ́ ọ: kò. Mo dìde lórí àga, mo rìn jáde. N kò padà sídìí kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà tí mo sọ fún yín pé ìsinmi ni mo gbà nìyẹn. Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí ẹ yìn mí nítorí pé mo kúrò níbẹ̀. Lílọ yẹn gan-an, ìwà ibi mìíràn ni, nítorí n kò sọ òótọ́ fún bàbá arúgbó kí n tó lọ. Mo kàn fi wọ́n sílẹ̀ nídìí òkúta. Kò sí ẹni tó gba ipò mi. Ẹ̀rọ tún padà sí orí mímì. Ọkùnrin náà ń fọ́ òkúta kí ìyàwó rẹ̀ lè bá a sọ̀rọ̀, òkú sì ń mi orí sí i, títí àwọn olówó tuntun fi ti géèmù náà pa, nítorí pé wọ́n ti ní òmíràn.

Kí àìsàn yìí tó dá mi wólẹ̀, mo lọ wo bàbá yín. Mo mọ àdúgbò, wọ́n ti sọ ọ́ fún ọmọ wọn nígbà kan. Mo gbé àpótí ìjókòó kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dání bí oníbàárà. Wọ́n jókòó síwájú ilé iṣẹ́ wọn tí a tì pa. Wọ́n fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àpótí náà, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ojú mi ò rí ìṣó mọ́.” Mo ní, “Ṣé ẹ ò lọ́mọ tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni, Bàbá?” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Mo bí méjì. Ọ̀kan ti lọ, ọ̀kan ń bínú.” Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá wà lẹ́nu mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé àpótí mi, mo padà sílé.

Ìwọ àbíkẹ́yìn mi, ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí o sì ń sọ pé bíi ti Màmá lo fẹ́ dà, nu ojú rẹ kí o gbọ́. Kò sí ẹni tó máa pè ọ́ pé kí o wá ṣe ibi. Orí mímì ni wọ́n máa ní kí o ṣe. Bí o bá rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ ni pé kí ènìyàn má lè dìde lọ sílé rẹ̀, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dìde.

Tíṣà, n kò bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí. N kò tó o bẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ fi àsìkò ṣòfò lórí mi. Bàbá yín kò kọ ìyá yín sílẹ̀. Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ wọn láti máa bọ̀ nígbà tí mo fi ọmọ wọn dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tí ẹ ń bínú sí láti gbogbo ọdún yìí, èmi ni, orí ibùsùn tó wà níwájú yín yìí ló wà. Bóyá ẹ máa sọ fún wọn pé ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ wọn, bóyá ẹ ò ní sọ, n kò mọ èyí tó sàn. Mo ti fi ẹnu ẹlẹ́nu sọ̀rọ̀ tó. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Àmọ́ iṣẹ́ kan kù tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ ìkẹyìn yẹn, kí wọ́n tó gbé òòlù, wọ́n rán ọmọ wọn níṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í gbé fóònù mi mọ́. Tìrẹ ló máa ń gbọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́.” Iṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín. Ọwọ́ mi ló bọ́ sí, mo sì jókòó lé e títí di òní. Tíṣà, bàbá yín ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín.